Ilé Alágbẹ̀dẹ Lórí Bákónì Wa

Bí mo bá fẹ́ rántí ọdún tí Ìyá Àgbà wá sọ́dọ̀ wa ní Sharjah, etí mi ló máa ń ṣíwájú ojú mi. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́ bí àgbàlagbà tó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo máa ń gbọ́ ìpè ìrun láti àwọn mọ́sálásí tó yí Al Taawun, àdúgbò wa, ká. Ohùn wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀. Ti etí omi á kọ́kọ́ dé, ti ẹ̀yìn ilé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìkẹta á wá tẹ̀ lé wọn bí ọmọ tó pẹ́ jí. Lẹ́yìn kọ́tìnnì tí Bàbá wa fi pín pálọ̀ sí méjì, Bùrọ̀dá Múfú á máa hanrun. Bùrọ̀dá Múfú kì í ṣe ẹbí wa. Ará Ìwó bíi tiwa ni, ó ń ṣe iṣẹ́ sìkọ́ríìtì níbi ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Dubai, ó sì gba bedspace, àyè ibùsùn kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ wa. Nítorí pé ọ̀sán ló fi ń sùn, a kọ́ láti máa rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, a kọ́ láti máa fi ojú bá ara wa wí. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ó rọrùn fún mi láti dákẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń yin ọmọ tí kò pariwo ni mo ti ń jáde lọ sí iléèwé.

Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò wa ọkùnrin nígbà náà, ìsinmi tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ kò sì pọ̀. Ó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé àwọn òyìnbó kan. Ọlá iṣẹ́ yẹn ni èmi àti Àwáwù àbúrò mi, tí mo fi ọdún kan jù lọ, fi ráyè wọ iléèwé náà. Bàbá wa kò lè dúró sílé, torí ọjà Naif ní Dubai ló máa ń wà láti àárọ̀, níbi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù wọn sínú páálí. Ni Bàbá bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Ìyá Àgbà fi visa ìbẹ̀wò wá. Ó gbé gààrí wá, ó gbé ẹ̀lùbọ́, ó gbé epo pupa tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po mẹ́rin, àti ìgbálẹ̀ méjì. Nígbà tí Ìyá wa rí ìgbálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ wà níbí o." Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó tàn án. Bùrọ̀dá Múfú ta jí lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá Àgbà wo ẹ̀rọ náà títí ó fi parí, ó ní, "Èyí tó ń kéde ara rẹ̀ kó tó gbálẹ̀ yìí, ṣé ilẹ̀ ló ń gbá ni àbí ìyìn ló ń wá?" Ó so ìgbálẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Oṣù díẹ̀ ṣáájú kí ó tó dé ni àwọn òbí wa mú èmi àti Àwáwù wá láti ilé rẹ̀, níbi tí a ti ń gbé láti kékeré. Ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an ni mo ṣe àṣìṣe mi ní iléèwé. Tíṣà wa wọlé, ó kí wa káàárọ̀, gbogbo kíláàsì dìde, èmi kúnlẹ̀. Orúnkún mi ló ṣe é, n kò tíì ronú. Ọmọ kan rò pé mo ṣubú, òmíràn béèrè bóyá mo fẹ́ kírun ni. Ẹ̀rín gba yàrá náà kan. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ fà mí dìde, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti pa dé. Láti ọjọ́ náà, mo ń kọ gbogbo iṣẹ́ mi, mo ń mi orí, mo ń na ìka, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tẹnu mi jáde mọ́ láàárín ògiri iléèwé yẹn. Ohun tó ya àwọn ará ilé wa lẹ́nu ni pé ní ilé kéú, lọ́jọ́ Sátidé, ohùn mi ló máa ń ròkè jù. Ààfáà wa a máa sọ pé kí n dín in kù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè gbọ́ tara wọn. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó dé, ó ní, "Ẹnu tó ń ka Fátíà kì í ṣe ẹnu odi. Ẹ fi í sílẹ̀." Iléèwé kò lè fi mí sílẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Bàbá wa pé iṣẹ́ kan ń bọ̀ níparí ọdún tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé; bí Kúdírátù kò bá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kíláàsì ìsàlẹ̀ ni yóò bọ́ sí lọ́dún tó ń bọ̀. Kíláàsì ìsàlẹ̀ ni ti Àwáwù. Ọjọ́ tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan ni Àwáwù máa ń rántí pè mí ní àǹtí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Àǹtí Kúdí, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o. Ṣé kí n bá yín fi báàgì gbà á sílẹ̀?" Mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Àgbàlagbà ni tíṣà wa, irun rẹ̀ ti funfun, a kàn ń pè é ní Sà. Abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, abúlé yẹn ló sì fẹ́ kí a fi páálí kọ́ sórí tábìlì gígùn kan. Ó kó fọ́tò wá. Ilé mẹ́sàn-án péré ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ilé ìṣọ́ orí rẹ̀ kúrú bí ẹni pé òjò lé àwọn tó ń kọ́ ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àká ọkà kan tí àwọn igi rẹ̀ ti dúdú, kànga kan, àti afárá olókùúta tí ẹṣin méjì kò lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ mọ́, kò sí iléèwé. Orúkọ abúlé náà gùn, ahọ́n Ìyá Àgbà kò gbà á, ó sọ ọ́ ní Abúlé Tíṣà. Sà sọ fún wa pé ilé tó kéré jù níbẹ̀ dàgbà ju gbogbo ilé tí a lè rí láti ojú fèrèsé wa lọ lápapọ̀. Kò rọrùn fún mi láti gbà gbọ́. Ní Al Taawun, ilé kan wà tí mo rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ọdún tó yí po àwọn èèyàn ti ń sá aṣọ sí bákónì rẹ̀. Sà pín ilé fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méjì ń du ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kò na ọwọ́, torí náà èyí tó kù ló kàn mí: ilé alágbẹ̀dẹ, tó ti ṣófo. Ó fi fọ́tò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

Ìyá Àgbà gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó gbé e jìnnà. Mo ṣàlàyé ohun tí tíṣà kọ sẹ́yìn rẹ̀ fún un: amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ẹfun ni wọ́n fi kùn ún, koríko ni òrùlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fẹ̀ nítorí àwọn ẹṣin tó ń wá wọ bàtà irin. Ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jí. "Ilé amọ̀," ó ní. "Àwọn tó kó páànù wá fún wa, koríko ni wọ́n fi sílẹ̀ nílé tiwọn." Nígbà tó wà lọ́mọge, àwọn obìnrin agbo ilé wọn ló ń rẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Bàbá mú páálí fóònù wá láti Naif. Bùrọ̀dá Múfú bu iyanrìn wá nínú ọ̀rá. Bàbá ní iyanrìn ìlú yìí kì í di ara rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dà kun páálí náà, kí á parí ẹ̀. Ìyá Àgbà ro ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ díẹ̀ lórí iná, ó pò ó mọ́ iyanrìn, ó rẹ́ ẹ mọ́ páálí ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó di ọ̀la.

Bàbá ní, "Yalla, Ìyá, ẹ jẹ́ ká yára, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré."

"Ògiri kì í gbọ́ èdè yẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìpele kan lóòjọ́. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ kò bá gbẹ, èyí tó wà lókè á rún un."

Báyìí ni a ṣe ń mọ ilé alágbẹ̀dẹ lórí bákónì wa, láàárín ìrun Àsárì àti Mọ̀ngàríbì, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Lójoojúmọ́, tó bá ti rẹ́ ìpele tòní tán, á ní kí n dìde kí n sọ ohun kan nípa ilé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan ṣoṣo, lórí èyí tí mo sọ lánàá. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Á di ojú, á máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, á ní, "Gbóhùn sókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́." Àjà kẹrìnlá la wà. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ há ohun kan sórí, láti ìsàlẹ̀ ògiri ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé n kò níṣòro níwájú rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn ni ẹnu mi ti ń kú. Ó ní, "Ta ló ní kí o bá wọn sọ̀rọ̀? Onílé ni wàá bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó wọlé onílé tí kò kí i, olè ni."

"Ìyá Àgbà, onílé ti kú."

"Ó kú, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé. Bàbá rẹ àgbà ńkọ́, níbo ló wà?"

"Yàrá àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ṣé o rí i," ó ní.

Ní ilé wa ní Ìwó, inú yàrá yẹn ni wọ́n sin bàbá àgbà wa sí. Wọ́n tẹ́ sìmẹ́ńtì dídán lé e, ibẹ̀ ló sì tutù jù nínú ilé. Orí rẹ̀ ni a ti ń kọ iṣẹ́ àmúrelé, orí rẹ̀ ni Àwáwù ti kọ́kọ́ ń rá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìrìn àjò dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí láti kí i. Èmi kò mọ ilé àgbà kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Torí náà, nígbà tí Ìyá Àgbà béèrè ibi tí alágbẹ̀dẹ wà nínú ilé rẹ̀, kò sọ sí èmi tàbí òun lọ́kàn láti bi ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá Múfú he àfọ́kù táìsì funfun kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, a sì tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ inú ilé páálí náà, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ìyá wa rí i nígbà tó wá ká aṣọ. "Ìyá, ẹ dákun," ó ní. "Àwọn òyìnbó kì í sin òkú sínú ilé. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sin wọ́n sí. Wọ́n á tún fi ọmọ yìí rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n á wá gbé bàbá wọn jù sínú òtútù níta?"

Bàbá wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá sí i. "Ìyá, nínú ẹ̀sìn tiwa náà, ìtẹ́ òkú ló yẹ."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ààfáà ti sọ ọ́ títí. Ṣùgbọ́n èwo nínú yín ni kò ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí sàréè bàbá rẹ̀ rí?"

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Bùrọ̀dá Múfú ní, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń jà du ibẹ̀. Ó tutù ju bẹ́ẹ̀dì lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àní Ìyá wa. Bàbá ní kí wọ́n fi sàréè náà sílẹ̀, òrùlé á bò ó, khalas, ó parí, ta ni yóò ṣí òrùlé ilé wò? Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà tú ọ̀kan nínú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó tò ó ní ìtò-lé-ìtò sórí páálí tí Bàbá ká. Ẹ̀lùbọ́ ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ògiri. Mo bẹ Ọlọ́run lórí ìrun Súbúì ọjọ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà pé kí Ó tú ahọ́n mi. Mo tún bẹ̀ Ẹ́ kí òrùlé má ṣí.

Ọlọ́run gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ìyá wa wà ní ẹ̀yìn yàrá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké rẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní. Nígbà tó kàn mí, mo lọ síwájú tábìlì, mo dúró, ẹnu mi gbẹ bí ògiri ìpele kìn-ín-ní. Sà dúró dè mí. Ó dúró pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, ó na ọwọ́ sí òrùlé, ó béèrè irú koríko tí a lò, bó sì ṣe fi ìka kàn án báyìí, gbogbo òrùlé bá ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀lùbọ́ ti gbẹ jù. Àwọn ọmọ nà gìrọ̀ láti wo inú ilé. Ẹnì kan béèrè kí ni funfun yẹn, bẹ́ẹ̀dì ni àbí tábìlì? Òmíràn ní sàréè ni, ẹ wò ó, Kúdí sin òkú sínú ilé. Ẹ̀rín tí mo mọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí Ìyá wa tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ilé kékeré náà tí orí rẹ̀ wà níhòòhò, tí a ń rẹ́rìn-ín lé onílé lórí nínú yàrá rẹ̀, láìsí ẹni tó kí i. Ìtìjú tó mú mi kì í ṣe tèmi mọ́. Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo rán orúnkún mi níṣẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí náà mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ má bínú, àlejò ni wá."

Mo dìde, mo kọjú sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ògiri. Mo sọ ti amọ̀. Mo sọ ti koríko inú amọ̀. Mo sọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi fẹ̀, mo sọ ti ẹfun, ìpele lé ìpele, títí mo fi dé orí òrùlé. Mo sọ pé ìgbálẹ̀ ìyá àgbà mi nìyẹn, mo sì sọ fún wọn pé ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó kọ́ ilé kì í fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, Sà tẹ̀ ba sí iwájú tábìlì, orúnkún rẹ̀ dún, ó wo àfọ́kù táìsì náà. Ó ní ní abúlé òun, wọn kì í sin òkú sínú ilé gbígbé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé gbàdúrà, àwọn òkúta pẹlẹbẹ wà nílẹ̀, èèyàn ló sì wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun máa ń fa òun lọ́wọ́ pé kí òun fò wọ́n kọjá, kí òun má tẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán òòlù alágbẹ̀dẹ sí. Ó ní, "Mo ti fò ó ju iye tí mo lè kà lọ, n kò sì béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ rí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òrùlé, ó dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó sùn.

Ìyá Àgbà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà lífíìtì nígbà tí a délé, lífíìtì tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dá wọ̀ ọ́. Kò béèrè bóyá mo sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé o kí i?" Mo ní mo kí i. Ó ní, "Alihamudulilahi," ó gbé báàgì mi. Nígbà tí Ìyá wa ròyìn ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. "Ilé Ọlọ́run ni wọ́n gbé e wọ̀. Ṣé ilé kọ́ nìyẹn? Mo wí fún yín." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè orúkọ alágbẹ̀dẹ. Mo ní Sà kò mọ̀ ọ́n, ó ní ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Ìyẹn dùn ún. Mo rí i tó jókòó sórí bákónì lọ́jọ́ náà, tó ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀ pé kò mà sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni visa rẹ̀ parí. Ó padà sí Ìwó, ó fi ìgbálẹ̀ kejì sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo kọjá sí kíláàsì òkè. Àwáwù bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má gbàgbé òun. Lónìí, tíṣà ni mí, ní ìlú yìí kan náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ń kọ́ wọn ní kéú lọ́jọ́ Sátidé, ohùn mi ni Ọlọ́run fi ń bọ́ mi. Bí ọmọ tuntun kan bá dákẹ́ nínú kíláàsì mi, n kì í rọ̀ ọ́ pé kó sọ̀rọ̀. Mo máa ń wá iṣẹ́ tó ní ìpele fún un. Ìyá Àgbà ti wà ní yàrá àkọ́kọ́ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, mo sì máa ń ṣe àdúà fún un lẹ́yìn ìrun mi gbogbo. Ìmọ̀ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ìtẹ́ òkú ló tọ́, bí Bàbá wa ti wí. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá dé Ìwó, ẹsẹ̀ mi kì í béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ mi kí ó tó yà sí ọ̀tún.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà lọ́dún tí Ìyá Àgbà padà sí Ìwó, Sà pè mí jáde, ó fi bébà gígùn kan tí ó ká lé mi lọ́wọ́. Ó ti lọ sí abúlé rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ó tẹ́ bébà náà lé òkúta olóòlù yẹn, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra gbogbo ojú rẹ̀ títí tí ohun tí ojú kò lè kà fi jáde. Mo gbé e délé láìtú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, ó wà nínú yàrá àkọ́kọ́, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì dídán. Mo tẹ́ bébà náà sílẹ̀ pálọ̀. Ọjọ́ ìbí kò sí níbẹ̀, ọjọ́ ikú ti parẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ wà. Mo rọra kà á. Ìyá Àgbà ní òun kò gbọ́.

"Tọ́másì," mo wí. "Tọ́másì Alágbẹ̀dẹ."

"Gbóhùn sókè."

Mo fi igbe pè é. Ó wá sọ ọ́ láti Ìwó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó ń bọ́ bàtà: "Tọ́másì, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́." Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Bùrọ̀dá Múfú tí igbe mi ti jí béèrè ta ni Tọ́másì, ṣé ó ti wọlé ni, kí wọ́n fún un lómi. Mo tún orúkọ náà pè, mo tún un pè. Kò sí ẹni tó ní kí n dákẹ́.